Bí a Ṣe Ń Lo iPod Kan Pẹ̀lú Kọ̀ǹpútà Tó Ju Ẹyọ Kan Lọ: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022 ni ilé-iṣẹ́ Apple kéde pé àwọn kò ní ṣe iPod mọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó ti rà á kò torí ìyẹn gbé tiwọn jù sílẹ̀. Orin tó wà lórí àwọn ẹ̀rọ yìí tí a kò lè rí níbòmíràn pọ̀: àwo jùjú àti àpàlà tí ẹnì kan fara balẹ̀ gbà láti orí kásẹ́ẹ̀tì, ìwàásù, ewì, ohùn àgbàlagbà tó ti lọ. Bí wọ́n bá wá so irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà tuntun, bọ́tìnnì kan ṣoṣo tí a ṣì tẹ̀ lè pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ìdí nìyí tí mo fi to àwọn ìdáhùn yìí sílẹ̀ ní kíkún. Ẹni tó bá ń kánjú, kó ka ìbéèrè mẹ́ta àkọ́kọ́ kó tó ki wáyà bọ ẹ̀rọ.

Mo so iPod mi mọ́ kọ̀ǹpútà kejì, ó sì kọ ọ́ síwájú mi pé àkójọ orin mìíràn ni iPod náà ń bá rìn, pé ṣé kí òun pa á rẹ́. Kí ni kí n tẹ̀?

Ẹ tẹ "Cancel". Kò sí ohun tí yóò bàjẹ́ nítorí pé ẹ tẹ̀ ẹ́, iPod yóò sì ṣì máa gba iná láti inú wáyà náà.

Bọ́tìnnì mẹ́ta ló máa ń wà lórí fèrèsé tó yọ sí yín yẹn. "Erase and Sync" yóò kó gbogbo orin tó wà lórí iPod dànù, yóò sì fi èyí tó wà lórí kọ̀ǹpútà tí ẹ jókòó tì rọ́pò rẹ̀. Bí kò bá sí orin kankan lórí kọ̀ǹpútà náà, iPod òfìfo ni ẹ ó gbé kúrò níbẹ̀. "Transfer Purchases" ló ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà, nítorí wọ́n rò pé yóò kó gbogbo orin wá sórí kọ̀ǹpútà kó tó pa ohunkóhun rẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Orin tí ẹ fi owó rà ní ilé ìtajà Apple fúnra rẹ̀ nìkan ló ń kó, ìyẹn náà sì di ìgbà tí kọ̀ǹpútà ọ̀hún bá ti gba àṣẹ lábẹ́ àkántì tí ẹ fi rà á. Orin tí ẹ gbà láti inú CD, láti orí kásẹ́ẹ̀tì, tàbí èyí tí ẹ fúnra yín ká sílẹ̀, kò ní fọwọ́ kàn án. Bí "Erase and Sync" bá sì ti bẹ̀rẹ̀, kò sí bọ́tìnnì tí ẹ lè fi dá a padà.

Kí ló fà á tí iPod kò fi gba orin láti orí kọ̀ǹpútà méjì bí fláàṣì ṣe ń gbà á?

Bí wọ́n ṣe ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ ni. Nígbà tí Apple fi iPod àkọ́kọ́ han ayé ní oṣù Kẹwàá ọdún 2001, gígábáìtì 5 ni ààyè inú rẹ̀, kọ̀ǹpútà Mac nìkan ló ń bá ṣiṣẹ́, wáyà FireWire ni wọ́n sì fi ń so ó. Èrò Apple ni pé orí kọ̀ǹpútà ni àkójọ orin ènìyàn ń gbé, pé dígí àkójọ náà ni iPod jẹ́: ohun tó bá dúró níwájú dígí ni dígí ń fi hàn, bí ohun náà bá kúrò, kò sí nínú dígí mọ́. Nítorí náà, bí ẹ bá pa orin kan rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, yóò kúrò lórí iPod nígbà tí ẹ bá tún so ó. Bí ẹ bá sì gbé e lọ síwájú àkójọ mìíràn, ohun tó wà níbẹ̀ ni yóò fẹ́ gbé wọ̀. Ọdún 2002 ni iPod tó ń bá Windows ṣiṣẹ́ jáde, oṣù Kẹwàá ọdún 2003 ni iTunes fúnra rẹ̀, ètò Apple tí a fi ń to orin lórí kọ̀ǹpútà tí a sì fi ń kó o sórí iPod, sì tó dé orí Windows, ṣùgbọ́n èrò yìí kò yí padà.

Ìdí kejì ni ti ẹ̀tọ́ àwọn tó ni orin. Wọ́n kọ ọ́ sára ọ̀rá tí wọ́n fi wé iPod àkọ́kọ́ pé kí ẹnikẹ́ni má jí orin, wọ́n sì ṣe iTunes lọ́nà tí orin yóò fi máa lọ láti orí kọ̀ǹpútà sórí iPod, tí kò ní máa ti orí iPod bọ́ sórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn. Ó tọ́ kí olórin jẹ èrè iṣẹ́ rẹ̀, mo sì fara mọ́ ọn tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìlànà yìí ń dí lọ́wọ́ jù lọ ni ẹni tó ni orin rẹ̀ lọ́nà ẹ̀tọ́, tó kàn ní kọ̀ǹpútà méjì.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi kiní kan sọ́kàn: kì í ṣe orúkọ kọ̀ǹpútà ni iPod fi ń dá ilé rẹ̀ mọ̀. Àkójọ orin kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tirẹ̀ tí iTunes fún un lọ́jọ́ tó dá a sílẹ̀, nọ́ńbà yìí ni iPod sì ń tọ́jú. Ó máa wúlò ní ìsàlẹ̀, níbi tí a ti ń sọ̀rọ̀ gbígbé àkójọ láti orí kọ̀ǹpútà kan bọ́ sórí òmíràn.

Ǹjẹ́ mo lè dá iTunes dúró kó má ṣe ohunkóhun títí n ó fi ṣetán?

Bẹ́ẹ̀ ni. Nínú "Preferences" ti iTunes, ẹ lọ sí "Devices", kí ẹ sì fi àmì síwájú "Prevent iPods, iPhones, and iPads from syncing automatically". Bó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn, tí ẹ kò fẹ́ yí ohun tí onílé ti tò padà, ẹ di "Shift" àti "Ctrl" mú pọ̀ lórí Windows, tàbí "Command" àti "Option" lórí Mac, kí ẹ tó ki wáyà bọ̀ ọ́, ẹ má sì fi wọ́n sílẹ̀ títí iPod yóò fi yọ nínú iTunes.

Mo ní kọ̀ǹpútà kan nílé, mo sì ní òmíràn níbi iṣẹ́. Mo fẹ́ máa fi orin sórí iPod kan náà láti orí méjèèjì. Ọ̀nà wo ni kí n gbà?

Ẹ gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ iTunes, kí ẹ máa fi ọwọ́ ara yín ṣe é. Ẹ so iPod mọ́ kọ̀ǹpútà tó ti ń bá rìn tẹ́lẹ̀, ẹ tẹ àwòrán iPod náà, ẹ lọ sí "Summary", kí ẹ wá "Manually manage music and videos" lábẹ́ "Options". Ẹ fi àmì sí i, kí ẹ tẹ "Apply". Láti ìgbà náà lọ, iTunes kò ní fi ohunkóhun kún un, kò sì ní yọ ohunkóhun kúrò, àfi ohun tí ẹ bá fi ọwọ́ ara yín wọ́ sórí rẹ̀ tàbí tí ẹ bá pa rẹ́ níbẹ̀. Bí ẹ bá dé ibi iṣẹ́, ẹ so ó mọ́ kọ̀ǹpútà ibẹ̀, kí ẹ wọ́ orin tó wù yín sórí rẹ̀. Orin ilé àti orin ibi iṣẹ́ yóò jọ máa gbé pọ̀ láìsí ìjà.

Mo fi í lélẹ̀ pé orí kọ̀ǹpútà àtijọ́ ni kí ẹ ti fi àmì náà sí i, nítorí ibẹ̀ ni iPod ti mọ ilé, kò sì sí pé wọ́n ń bi yín ní ìbéèrè tó lè mú yín ṣìṣe. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ṣọ́ra fún àwọn nǹkan wọ̀nyí. Ẹ gbọ́dọ̀ máa tẹ "Eject" kí ẹ tó yọ wáyà, torí kọ̀ǹpútà ti sọ iPod náà di dísìkì tó lè máa kọ nǹkan sí nígbàkúùgbà. Bí ẹ bá sì yọ àmì ọ̀hún kúrò lọ́jọ́ kan, iTunes yóò padà sí ìwà rẹ̀ àtijọ́, gbogbo orin tí ẹ kó wá láti ibi iṣẹ́ yóò sì lọ.

Èyí tí àwọn ènìyàn kì í rò ló burú jù. Orin tí ẹ wọ́ sórí iPod láti ibi iṣẹ́ kò sí nílé, èyí tí ẹ wọ́ nílé kò sì sí níbi iṣẹ́. Bí wọ́n bá gba kọ̀ǹpútà ibi iṣẹ́ lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ tí ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀, orí iPod nìkan ni orin ọ̀hún yóò kù sí, dísìkì inú iPod classic sì lè kú lójijì bí dísìkì èyíkéyìí. Nítorí náà, ẹ yan kọ̀ǹpútà kan tí yóò jẹ́ ilé gbogbo orin yín. Ẹ lè máa fi orin sórí iPod láti ibikíbi tó bá wù yín, ṣùgbọ́n kí ẹ̀dà orin kọ̀ọ̀kan dé ilé náà kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

Ṣé gbogbo iPod ló gba irú ìlò yìí?

Rárá. iPod classic, mini àti nano gbà á. iPod shuffle kò gbà á: àkójọ kan ṣoṣo ló ń bá rìn lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹ tilẹ̀ ń fi ọwọ́ ara yín darí orin rẹ̀. iPod touch náà so mọ́ àkójọ orin kan ṣoṣo bíi ti iPhone, àmọ́ fọ́tò rẹ̀ lè ti orí kọ̀ǹpútà mìíràn wá.

Mac ni ọ̀kan nínú kọ̀ǹpútà mi, Windows ni èkejì. Windows ní dandan ni kí òun ṣe "Format" kí òun tó lè lo iPod mi.

Ẹ kọ̀ fún un. Bí wọ́n ṣe to dísìkì inú iPod ló fa èyí. iPod tí wọ́n kọ́kọ́ tò lórí Mac ń lo ìlànà HFS+, èyí tí wọ́n tò lórí Windows ń lo FAT32. Mac lè ka méjèèjì; Windows kò lè ka HFS+, ó sì ń rò pé dísìkì òfìfo ni òun ń wò. Bí ẹ bá fẹ́ mọ èyí tí tiyín jẹ́, ẹ lọ sí "Settings", lẹ́yìn náà "About", lórí iPod fúnra rẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá wọ́n kọ "Windows" síwájú "Format".

Bó bá jẹ́ ti Mac, kò sí bí ẹ ṣe lè yí i padà láìpa ohun inú rẹ̀ rẹ́, nítorí náà ẹ rí i dájú pé gbogbo orin rẹ̀ ti wà lórí Mac. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ so ó mọ́ Windows, kí ẹ tẹ "Restore" nínú iTunes ibẹ̀, èyí tó ń pa ohun inú iPod rẹ́, tó sì ń to dísìkì rẹ̀ lákọ̀tun. Yóò di FAT32. Ẹ gbé e padà sórí Mac, ẹ fi orin kún un, yóò sì máa bá kọ̀ǹpútà méjèèjì ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ náà lọ. Bí ọjọ́ kan bá wá dé tí ẹ tún ní láti ṣe "Restore", orí Windows náà ni kí ẹ ti ṣe é, torí Mac yóò dá a padà sí HFS+.

Kọ̀ǹpútà tí mo fi ń kó orin sórí iPod ti bàjẹ́, orí iPod nìkan ni orin mi kù sí. Báwo ni mo ṣe lè kó wọn sórí kọ̀ǹpútà tuntun?

Ìbéèrè yìí ló ṣe pàtàkì jù lójú mi, torí ẹni tó ń bi í sábà máa ń wà ní bèbè àdánù. Ẹ fọkàn balẹ̀. Orin yín wà nínú iPod bíi fáìlì gidi. Wọ́n kàn fi wọ́n pamọ́ ni.

Bí iPod yín bá jẹ́ èyí tó ní òbírí tí a ń fi ìka yí, tí "Menu" àti "Play/Pause" sì wà lára òbírí náà fúnra rẹ̀, ẹ kò tilẹ̀ nílò iTunes. Ẹ di "Menu" àti bọ́tìnnì àárín mú pọ̀ títí àmì Apple yóò fi yọ lójú ẹ̀rọ, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni kí ẹ yí ọwọ́ sí bọ́tìnnì àárín àti "Play/Pause", kí ẹ dì wọ́n mú títí "Disk Mode" yóò fi jáde. Ẹ so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, kí ẹ ṣí i bí ẹ ṣe ń ṣí fláàṣì. Lórí Windows, ẹ lọ sí "View", kí ẹ fi àmì sí "Hidden items". Lórí Mac, ẹ tẹ "Command", "Shift" àti àmì ìdánudúró pọ̀ nínú Finder, ibi tí a ti ń wo fáìlì lórí Mac. Fódà kan tó ń jẹ́ iPod_Control yóò hàn. Fódà Music wà nínú rẹ̀, inú Music yìí ni ẹ ó sì ti bá fódà F00, F01, F02, títí lọ.

Ohun tí ẹ ó bá nínú àwọn fódà náà lè já yín láyà. Kò sí orúkọ orin kankan níbẹ̀. Lẹ́tà mẹ́rin-mẹ́rin lásán ni, bíi KQZT.mp3 àti WBNA.m4a, orin inú àwo kan náà sì ti fọ́n ká sínú fódà oríṣiríṣi. Kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Orúkọ olórin, orúkọ àwo àti orúkọ orin wà nínú fáìlì kọ̀ọ̀kan fúnra rẹ̀. Àkọsílẹ̀ kan tó ń jẹ́ iTunesDB ni iPod sì fi ń mọ ibi tí orin tí ẹ yàn wà, kò fi ti orúkọ fáìlì ṣe. Ẹ ṣe ẹ̀dà gbogbo fódà F wọ̀nyí sórí kọ̀ǹpútà tuntun. Ẹ̀dà ni mo wí, ẹ má ṣe gé wọn kúrò lórí iPod. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí "Preferences" nínú iTunes, ẹ lọ sí "Advanced", kí ẹ fi àmì sí "Keep iTunes Media folder organized" àti "Copy files to iTunes Media folder when adding to library". Bí ẹ bá ti wọ́ fódà náà sínú iTunes báyìí, yóò ka ohun tó wà nínú fáìlì kọ̀ọ̀kan, yóò sọ wọ́n lórúkọ, yóò sì tò wọ́n sábẹ́ olórin àti àwo wọn.

Àwọn nǹkan kan kò ní bá wọn wá. Àtò orin tí ẹ fúnra yín tò, ìràwọ̀ tí ẹ fi díwọ̀n orin, àti iye ìgbà tí ẹ ti gbọ́ ọ, inú iTunesDB ni gbogbo wọn wà, wọn kò sí nínú fáìlì. Àwọn ètò kan wà tó lè ka iTunesDB, kí wọ́n sì kó ìwọ̀nyí náà jáde, ṣùgbọ́n èrò mi ni pé kí ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ kó orin jáde ná, kí ó wà níbi tó ní ààbò, kí ẹ tó jẹ́ kí ètò tí ẹ kò mọ̀ rí fọwọ́ kan iPod náà.

Àwọn tó gba kásẹ́ẹ̀tì sórí kọ̀ǹpútà ni kí wọ́n fetí sí èyí dáadáa. Bó bá jẹ́ pé WAV, irú fáìlì ohùn kan, ni ẹ fi gbà á, iTunes kì í kọ orúkọ olórin àti ti orin sínú fáìlì WAV. Inú àkójọ rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà ló ń kọ ọ́ sí. Bí kọ̀ǹpútà náà bá bàjẹ́, fáìlì tí ẹ fi ọwọ́ kó jáde láti orí iPod kò ní orúkọ kankan nínú. Ẹ ó wá ní láti jókòó, kí ẹ gbọ́ fáìlì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi etí dá a mọ̀, pàápàá kásẹ́ẹ̀tì jùjú tí orin márùn-ún so kọ́ ara wọn láìdúró lójú kan. Nítorí náà, kí èyí tó ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, kó yí WAV rẹ̀ padà sí irú fáìlì tí wọ́n ń pè ní Apple Lossless. Ohùn rẹ̀ kò ní dín kù rárá, orúkọ yóò sì máa gbé inú fáìlì. Ààyè tó ń gbà tún kéré sí ti WAV, tí ìṣẹ́jú kan rẹ̀ ń gbà tó mẹ́gábáìtì 10 bí wọ́n bá gbà á bíi ti CD.

Mo fi àmì ohùn kọ orúkọ orin Yorùbá mi. Nígbà tí mo kó àkójọ náà láti orí Mac lọ sórí Windows, àwọn kan di àmì ìbéèrè, àwọn mìíràn sì ní àmì ìyanu níwájú. Kí ló ṣẹlẹ̀?

Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Àmì ìbéèrè wá láti inú fáìlì MP3. Ìlànà àtijọ́ tí àwọn ètò kan fi ń kọ orúkọ sínú MP3 kò mọ ju lẹ́tà àwọn èdè ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù lọ. Á tí ó ní àmì òkè wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹ, kò sí ọ, kò sí ṣ. Bí ètò bẹ́ẹ̀ bá pàdé lẹ́tà tó ní àmì lábẹ́, àmì ìbéèrè ló ń fi rọ́pò rẹ̀, lẹ́tà náà sì ti lọ nìyẹn, ẹ ó tún un tẹ̀ ni. Kó má baà ṣẹlẹ̀ mọ́, ẹ yan àwọn orin náà nínú iTunes, kí ẹ lo "Convert ID3 Tags" láti gbé wọn sí ìlànà v2.3 kí ẹ tó tún orúkọ wọn tẹ̀.

Àmì ìyanu túmọ̀ sí pé iTunes mọ orin náà, ṣùgbọ́n kò rí fáìlì rẹ̀ mọ́. Ẹ wo lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú orúkọ bíi Ọ̀ṣun. Kọ̀ǹpútà lè tọ́jú rẹ̀ bíi "O", àmì abẹ́ àti àmì ohùn, ohun mẹ́ta. Ó sì lè tọ́jú rẹ̀ bíi "Ọ" odidi pẹ̀lú àmì ohùn, ohun méjì. Lójú tiwa ọ̀kan náà ni wọ́n, lójú kọ̀ǹpútà orúkọ méjì ni. Ìlànà HFS+ ti Mac máa ń tú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ palẹ̀ sí mẹ́ta, Windows sì ń tọ́jú rẹ̀ bí wọ́n bá ṣe kọ ọ́. Bí fáìlì bá ti orí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì, orúkọ tó wà nínú àkójọ àti orúkọ tó wà lára fáìlì lè má bára mu mọ́. Ohun tí mo fọwọ́ sí ni pé kí ẹ jẹ́ kí orúkọ fáìlì wà láìní àmì kankan, kí ẹ sì fi gbogbo àmì ohùn àti àmì abẹ́ sínú orúkọ olórin àti orúkọ orin tó ń hàn nínú iTunes, níbi tí ojú ti ń rí i. Ẹ ó ní láti yọ àmì kúrò níwájú "Keep iTunes Media folder organized" lẹ́yìn tí ẹ bá ti to fáìlì yín tán, torí òun ló ń fi orúkọ orin sọ fáìlì.

Ẹ tún jẹ́ kí ìkọsílẹ̀ orúkọ olórin kọ̀ọ̀kan jẹ́ ọ̀kan náà lórí gbogbo kọ̀ǹpútà. Bí ẹ bá kọ King Sunny Adé nílé, tí ẹ kọ King Sunny Ade níbi iṣẹ́, tí orí àwo kẹta tún wá jẹ́ King Sunny Adé and His African Beats, iPod yóò fi wọ́n hàn bí olórin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ ó sì máa wá àwo tó wà nítòsí yín tì.

Ṣé mo lè mú kí kọ̀ǹpútà méjì ní àkójọ kan náà, kí iPod má mọ̀ wọ́n yàtọ̀?

Ó ṣeé ṣe, torí nọ́ńbà ìdánimọ̀ àkójọ ni iPod ń wò, kò wo kọ̀ǹpútà. Ẹ kọ́kọ́ lo "Consolidate files" lábẹ́ "Organize Library" kí gbogbo orin lè wà lójú kan. Ẹ pa iTunes, ẹ ṣe ẹ̀dà odidi fódà iTunes tó wà nínú fódà Music sórí kọ̀ǹpútà kejì, pẹ̀lú fáìlì tó ń jẹ́ iTunes Library.itl, inú èyí tí nọ́ńbà náà wà. Lórí kọ̀ǹpútà kejì, ẹ di "Shift" mú lórí Windows, tàbí "Option" lórí Mac, bí ẹ ti ń ṣí iTunes, yóò sì bi yín pé àkójọ wo ni ẹ fẹ́ lò. Ẹ tọ́ka sí èyí tí ẹ kó wá. iPod yóò gbà pé ilé ni òun wà.

Ewu rẹ̀ ni pé láti ọjọ́ náà ni àkójọ méjèèjì yóò ti máa yàtọ̀ síra. Ẹ fi àwo tuntun sórí kọ̀ǹpútà ilé lọ́jọ́ Ajé, ẹ mú iPod bá a mu. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ẹ so ó mọ́ ti ibi iṣẹ́, tí kò ní àwo náà, yóò sì yọ àwo náà kúrò láìbéèrè, torí nọ́ńbà bára mu. Fún ẹni tó ń kúrò lórí kọ̀ǹpútà kan lọ sórí òmíràn pátápátá, ọ̀nà tó dára jù lọ nìyí. Fún ẹni tó fẹ́ máa lo méjèèjì, kí ó fi fódà náà sórí dísìkì tí a ń gbé kiri, kí ó máa so dísìkì yẹn mọ́ kọ̀ǹpútà tó bá wà níwájú rẹ̀, kó má sì ṣí i lórí kọ̀ǹpútà méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Kí kọ̀ǹpútà méjèèjì jẹ́ irú kan náà ló dára, nítorí àkójọ tí áàpù Music ti Mac ń lò nísinsìnyí kò bá ti iTunes orí Windows dọ́gba.

Iná lọ nígbà tí iPod ń gba orin lọ́wọ́. Ṣé ó ti bàjẹ́ nìyẹn?

Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ kì í bàjẹ́ torí ìyẹn, ṣùgbọ́n iTunesDB lè má kọ tán, kí iPod wá máa sọ pé òun kò ní orin kankan nígbà tí ààyè rẹ̀ sì kún. Ẹ ṣe ẹ̀dà fódà F kúrò ná bí mo ṣe ṣàlàyé lókè, kí ẹ tó ṣe "Restore". Níbi tí wọ́n ti ń mú iná lójijì, láptọ́ọ̀pù tí bátìrì rẹ̀ ṣì dára ni kí ẹ máa fi ṣe iṣẹ́ yìí.

Ǹjẹ́ ó léwu láti so iPod mọ́ kọ̀ǹpútà tí gbogbo ènìyàn ń lò?

Ó léwu bí fláàṣì ṣe léwu, torí iPod tó ti di dísìkì lè gbé fáírọ́ọ̀sì Windows kiri. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2006, Apple fúnra rẹ̀ kéde pé díẹ̀ nínú iPod tó ń fi fídíò hàn, tí kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó jáde lẹ́yìn ọjọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, ti kó fáírọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ RavMonE.exe kó tó kúrò níbi tí wọ́n ti ṣe é. Bó bá ṣẹlẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, kò yẹ ká fojú kéré kọ̀ǹpútà ilé ìtẹ̀wé àdúgbò.

N kò rí iTunes mọ́ lórí Mac mi.

Láti orí macOS Catalina ti ọdún 2019 ni Apple ti yọ ọ́ kúrò. Áàpù Music ló ń tọ́jú orin báyìí, inú Finder sì ni iPod ti ń yọ, lápá òsì. Àmì tí a fi ń darí orin fúnra ẹni wà níbẹ̀ lábẹ́ "General".

Ṣé mo lè ṣe gbogbo èyí láìlo iTunes rárá?

Lórí kọ̀ǹpútà Linux, àwọn ètò tó ń jẹ́ Rhythmbox àti gtkpod lè kọ orin sórí ọ̀pọ̀ iPod àtijọ́. Ètò kan tún wà tó ń jẹ́ Rockbox, èyí tí àwọn kan ń fi rọ́pò ohun tí Apple fi sínú iPod classic, mini àti àwọn nano àkọ́kọ́. Bí Rockbox bá ti wà lórí rẹ̀, ẹ kàn máa wọ́ fódà orin sórí rẹ̀ láti orí kọ̀ǹpútà èyíkéyìí ni, kò sí pé àkójọ kan ló ni ín. Mo gba ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà níyànjú pé kó dán an wò lẹ́yìn tó bá ti ní ẹ̀dà gbogbo orin rẹ̀. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù rẹ̀, kó má fipá mú ara rẹ̀, torí ọ̀nà ìfọwọ́darí inú iTunes ti tó.

Mo ń san owó Apple Music lóṣooṣù. Ṣé mo lè kó orin ibẹ̀ sórí iPod classic mi?

Kò ṣeé ṣe. Orin ayálò ni wọ́n, wọn kì í wọ iPod classic, nano tàbí shuffle. Orin tí ẹ rà tàbí tí ẹ fi ọwọ́ ara yín gbà ni wọ́n lè kọ.

Kọ̀ǹpútà mélòó ló lè kọ orin tí mo rà ní ilé ìtajà Apple? Mo sì fẹ́ ta ọ̀kan nínú wọn.

Kọ̀ǹpútà márùn-ún ni àkántì kan lè fún ní àṣẹ. iPod fúnra rẹ̀ kò sí nínú kíkà náà. Àwọn orin tí ẹ rà kó tó di ọdún 2009 ni èyí ń dè jù, àwọn tí orúkọ fáìlì wọn parí sí .m4p, torí ọdún náà ni Apple yọ ìdè kúrò lára orin tó ń tà. Kí ẹ tó ta kọ̀ǹpútà, tàbí kí ẹ tó fi fún àbúrò, ẹ ṣí "Account" nínú iTunes, ẹ lọ sí "Authorizations", kí ẹ tẹ "Deauthorize This Computer". Bí ẹ bá ti tà á kí ẹ tó rántí, ẹ wọ àkántì yín lórí kọ̀ǹpútà tó kù, kí ẹ lo "Deauthorize All", èyí tí wọ́n ń gbà láàyè lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, lẹ́yìn náà ni kí ẹ tún fún àwọn tí ẹ ṣì ń lò ní àṣẹ lọ́kọ̀ọ̀kan.